Síílà Fúnra Rẹ̀ Ni Àbàwọ́n Náà

Ìmọ̀ràn kan wà nílẹ̀ báyìí tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò mọ́. Bí ènìyàn bá ti tẹ́ táìsì pọ́sílénì adán sí pálọ̀ rẹ̀ tán, wọ́n á ní ó ku síílà, ohun tí wọ́n ń kùn sójú táìsì kó má baà fa omi àti ìdọ̀tí. Oníṣẹ́ táìsì á sọ ọ́. Ẹni tó ta táìsì fún un ní ọjà Ọdúnadé l'Órílé á sọ ọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ń gbé Lọ́ńdọ́ọ̀nù á tún fi fídíò kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti fi gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kùn ún tán, tí ilẹ̀ gbẹ, tí àbàwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, tí ibì kan ń kọ mànà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣú, ìmọ̀ràn kejì á tẹ̀lé ti àkọ́kọ́: ẹ da ásíìdì sí i, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ tún fi síílà mìíràn lé e.

Mi ò gbà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ táìsì adán tó wà nílé wa kò nílò síílà rárá. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n sì ti ń ké pé táìsì àwọn ti bàjẹ́, kò sóhun tó ṣe táìsì. Síílà tó gbẹ sórí rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Ẹni tó bá tún da síílà lé e lórí ń fi àrùn kún àrùn. Ẹni tó bá da ásíìdì sí i kò tíì mọ ohun tó ń bá jà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n ń pè ní pọ́sílénì ná. Yálà Foshan ní Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, tàbí Morbi ní Íńdíà, tàbí Sassuolo ní Ítálì, tàbí ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ọ̀nà kan náà ni. Wọ́n á lọ amọ̀ funfun, yanrìn àti òkúta feldspar kúnná, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra gidigidi, wọ́n á wá tì í sínú ìléru tí ooru rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 1200 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú ooru yẹn feldspar á yọ́, á sì ṣàn wọ gbogbo àlàfo tó wà láàárín èérún amọ̀. Bó bá tutù, ohun tó jáde ti kúrò ní bíríkì, ó ti ń bá gíláàsì ṣe mọ̀lẹ́bí. Ìlànà àgbáyé ISO 13006 kò gbà kí wọ́n pe táìsì ní pọ́sílénì àfi bí omi tó ń fà kò bá ju ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí ni pé táìsì tó wọn kìlógíráàmù kan kò gbọdọ̀ fa omi tó ju gíráàmù 5 lọ, bí wọ́n tilẹ̀ sè é nínú omi. Táìsì ògiri tí a ń lẹ̀ sí ilé ìwẹ̀ lè fa ju ìdá 10 lọ láti ẹ̀yìn, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń kun síílà sí i, nítorí gíláàsì tó wà lójú rẹ̀ kò jẹ́ kí omi gba iwájú wọlé. Èyí tó ń fa omi, a fi í sílẹ̀. Èyí tí kì í fà, òun la ń sáré bò.

Àwọn tó fẹ́ràn síílà máa ń dáhùn pé dídán tí wọ́n dán an ló dá wàhálà sílẹ̀. Òtítọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní fi pamọ́. Nígbà tí táìsì bá ń jóná nínú ìléru, afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa ń há sí i nínú, á di ihò tín-ín-tìn-tín tó pa ẹnu dé. Nígbà tí ẹ̀rọ bá lọ ojú rẹ̀ kó lè máa dán, awọ òkè á ṣí, àwọn ihò kan á sì la ẹnu. Inú irú ihò bẹ́ẹ̀ ni yíǹkì, ìdọ̀tí àti gíráòtù dúdú, ìyẹn sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń dí àlàfo láàárín táìsì, lè kó sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ fi ń fi èròjà silica tó kúnná jọjọ dí àwọn ihò náà kí táìsì tó wọ páálí. Àwọn mìíràn ń fi ìda pa á lójú kó má baà ha lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìda yìí ṣì ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Púpọ̀ nínú táìsì tó ń dán lọ́jà lónìí kì í ṣe irú èyí tí mo ṣàlàyé yẹn. Àwòrán mábù ni wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ sí i lójú, wọ́n yọ́ gíláàsì lé àwòrán náà, gíláàsì yẹn ni wọ́n sì wá dán. Ẹ mú èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àwòrán òkè kò bá wọ inú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ funfun tàbí àwọ̀ eérú lásán, onígíláàsì ni. Bí àwọ̀ kan náà bá lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tàbí tó wọnú tó mìlímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, a jẹ́ pé ara táìsì gan-an ni wọ́n dán. Kò gba ìṣẹ́jú kan láti wò ó, síbẹ̀ mi ò tíì bá oníṣẹ́ kankan pàdé tó ń wò ó kó tó ṣí gálọ́ọ̀nù. Ta ló ń fi òróró pa ife gíláàsì kó má baà fa omi?

Síílà pàápàá, oríṣi méjì ni. Àkọ́kọ́ ń wọ inú. Èròjà tó ń lé omi àti epo ni wọ́n yọ́ sínú omi tàbí sínú nǹkan tó jọ tíńnà, inú ihò sì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Èyí tó bá ti wọ ihò ti ṣiṣẹ́ tán. Èyí tó kù lórí ilẹ̀ kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìlànà tó wà lára gálọ́ọ̀nù fi máa ń sọ pé kí wọ́n nù ún kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tó gbẹ. Oríṣi kejì kì í wọ ibì kankan. Acrylic ni, ó ń gbẹ sórí nǹkan bí ọ̀dà tí kò ní àwọ̀. Bíríkì àti kọnkéré lè di ìyẹn mú, nítorí ojú wọn kò jọ̀lọ̀. Lórí pọ́sílénì adán, kò rí ibi fẹsẹ̀ tẹ̀: bí omi bá dúró lé e, á funfun, bí wọ́n bá fa àga kọjá lórí rẹ̀, á bó.

Ẹ wá fi ojú inú wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa. Táìsì tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ihò. Síílà tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn ju ihò lọ. Oníṣẹ́ tó fi mọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ kárí pálọ̀, tó ti ilẹ̀kùn, tó gba ilé rẹ̀ lọ. Ibo ni síílà náà fẹ́ gbà? Ibi tí wọ́n dà á sí náà ló gbẹ sí.

Ẹ wọ irú pálọ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń gba ojú fèrèsé wọlé ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ má wò ó ní òró; ẹ lóṣòó, kí ẹ gbé ojú sún mọ́ ilẹ̀. Àbàwọ́n náà ní ìrísí. Ó tẹ̀ kọrọdọ níbi tí apá ẹni tó ń kùn ún ti yí. Níbi tó ti ki mọ́ọ̀pù bọ garawa tó tún bẹ̀rẹ̀, ó nípọn; níbi tí mọ́ọ̀pù ti fẹ́ gbẹ, ó fẹ́lẹ́, ó sì fà gàgàrà. Nígbà mìíràn ẹ óò rí ojú ẹsẹ̀ ẹni tó gbàgbé fóònù sí yàrá, tó padà wọlé mú un. Ẹ tún wò ó bó ṣe kọjá láti orí táìsì kan bọ́ sí orí èkejì, tí àlàfo àárín wọn kò dá a dúró. Àbàwọ́n tó bá ti inú táìsì wá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táìsì tirẹ̀ ni yóò parí sí. Ẹ fi èékánná ha ibi tó nípọn jù lára rẹ̀: àfàìmọ̀ kí nǹkan funfun kan má tẹ̀lé èékánná yín. Ẹ ta omi sí i: á pòórá. Ẹ jẹ́ kí omi náà gbẹ: á padà. Bí ẹ bá bọ́ bàtà rìn lórí rẹ̀ lásìkò òjò, ẹ óò mọ̀ ọ́n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, pé nǹkan kan ń fà yín díẹ̀. Eruku ọyẹ́ tó bá bà lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní lọ mọ́, á dúró síbẹ̀, ibẹ̀ á sì máa ṣú lọ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní táìsì tó ń fa ìdọ̀tí nìyẹn. Kì í ṣe táìsì ló ń fà á.

Ìda tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan náà ní ọwọ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ kúrò kí wọ́n tó kun síílà, ibi tí ìda ti kúrò lára táìsì yóò gba síílà lọ́nà kan, ibi tí ìda ṣì wà yóò gbà á lọ́nà mìíràn, ojú ilẹ̀ á wá di méjì. Gíráòtù náà ńkọ́? Oníṣẹ́ tó ń kánjú, tó fi àkísà kan ṣoṣo àti omi garawa tí kò pààrọ̀ nu sìmẹ́ǹtì funfun kárí ilé, á fi ìkùukùu sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ lójú gbogbo táìsì. Ká ní wọ́n fi í bẹ́ẹ̀ ni, fífọ̀ lásán ni ì bá jẹ́. Wọ́n wá fi síílà tì í mọ́lé.

Báyìí ni ásíìdì ṣe ń wọ ọ̀rọ̀ náà, láti ẹnu oníṣẹ́ sí onílé:

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ásíìdì ló máa gbé e jáde."

"Ṣé kò ní ba táìsì jẹ́?"

"Rárá o, Mọ́mì. Pọ́sílénì ni, kò sóhun tó lè ṣe é."

Apá kan nínú ìdáhùn yẹn jẹ́ òótọ́, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó léwu. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ásíìdì kì í ran ojú pọ́sílénì. Àmọ́ wọn kì í ran síílà tó ti gbẹ náà, wọn kì í sì í ran ìda. Sìmẹ́ǹtì ni ásíìdì mọ̀ ọ́n jẹ. Nígbà tí oníṣẹ́ bá dà á sílẹ̀, tí ẹ gbọ́ tó ń hó ṣìì, tí èéfín ń rú, tí ẹ rò pé iṣẹ́ ti ń lọ nìyẹn, ẹ wo ibi tó ti ń hó. Àlàfo ni. Gíráòtù yín ló ń lọ, àbàwọ́n kò mira. Bí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, gíráòtù á di oníyanrìn, á máa rún dànù, omi á rí ọ̀nà ìsàlẹ̀, èèrà á rí ọ̀nà òkè. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ìpata á mú irin ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ fíríìjì, torí èéfín náà kò yọ irin sílẹ̀. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ní tiwa, ara tó dá ṣáká la ń fi ásíìdì pa.

Ásíìdì kan tilẹ̀ wà tó ń ba ojú táìsì jẹ́ ní tòótọ́, hydrofluoric lorúkọ rẹ̀. Ó wà nínú àwọn òògùn ìpata kan, gíláàsì sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tó bá kàn lójú táìsì, dídán ibẹ̀ kú nìyẹn. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán táìsì wò pàápàá yọ ọ́ sílẹ̀ nínú àwọn kẹ́míkà tí táìsì gbọ́dọ̀ lè fara dà. Ní ti ara ènìyàn, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń gba awọ ara kọjá lọ bá egungun, ìrora rẹ̀ sì lè má tètè bẹ̀rẹ̀, kí ẹni náà máa rò pé omi lásán ló ta sí òun. Gálọ́ọ̀nù ásíìdì tí kò ní lébẹ̀ẹ̀lì, tí oníṣẹ́ kò lè sọ irú èyí tó jẹ́, ẹ má jẹ́ kó kọjá géètì.

Àwọn kan tún wà tó ń po ásíìdì, tàbí omi ìfọ-ilé-ìgbẹ́ tó ní ásíìdì nínú, pọ̀ mọ́ bílíìṣì bíi Hypo tàbí Jik kó lè "le dáadáa." Èyí kì í ṣe ohun tí a ń jiyàn lé lórí. Gáàsì chlorine ló ń ti inú àpòpọ̀ yẹn jáde, ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ènìyàn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu àwọn tí kò fẹ́ ásíìdì, tí wọ́n ní kí a kan fi síílà ẹlẹ́ẹ̀kejì lé e, gbogbo rẹ̀ á wá dọ́gba. Báwo ló ṣe fẹ́ dọ́gba? Ibi tó nípọn tẹ́lẹ̀ á tún nípọn sí i, ibi tó fẹ́lẹ́ á fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e, ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ á wá há sí àárín méjèèjì. Fún ọjọ́ díẹ̀ gbogbo ilẹ̀ á máa dán, wọ́n á san owó oníṣẹ́, á sì lọ. Àwọn mìíràn ní kí a fi sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló máa nù ún kúrò. Ẹsẹ̀ ń nù ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà ni: láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, láti ìdí àga dé ilé ìdáná. Abẹ́ àga àti ẹ̀bá ògiri kò ní kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá dúró dè é yóò rí ojú ọ̀nà tó là gbọọrọ láàárín pálọ̀ rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ń pariwo pé fèkì ni táìsì, pé ti Ṣáínà ni, ọ̀rọ̀ wọn kò gba àkókò. Ẹ gbé èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí, tí síílà kò kàn rí, kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó lábàwọ́n. Bó bá jẹ́ fèkì ni, bákan náà ni àwọn méjèèjì ì bá rí.

Ẹni tó fẹ́ bá mi jiyàn tó nítumọ̀ yóò gba ibòmíràn wá. Yóò ní: èyí tí wọ́n dán ara rẹ̀ gan-an ńkọ́, tí kò ní gíláàsì lójú, tó funfun, tí wọ́n fẹ́ fi gíráòtù dúdú sí, tàbí tó wà nílẹ̀ bùkátéríà tí epo pupa ń ta sí láti àárọ̀ dálẹ́? Mo gbà fún un. Irú ìyẹn lè nílò síílà, ó sì yẹ kí wọ́n kùn ún kí gíráòtù tó wọ ibẹ̀, torí gíráòtù dúdú ni ọ̀tá rẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ bi táìsì léèrè. Ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù nínú páálí mọ́, ẹ kán omi sí i lójú, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá nù ún. Ẹ fi epo pupa dán an wò bákan náà, kí ó sùn níbẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láàárọ̀. Bí kò bá sí ojú àmì kankan, kí ni síílà fẹ́ wá ṣe? Bí àmì bá wà, ẹ lo oríṣi tó ń wọ inú, kí ẹ lò ó bí ìlànà ṣe wí: ìwọ̀nba sikúéà mítà kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ nù ún gbẹ kó tó di nǹkan mìíràn, àkísà tó mọ́, ẹ tún fi òmíràn tó gbẹ dán an lẹ́yìn rẹ̀. Gíráòtù fúnra rẹ̀ sì ń fa omi àti epo ní tòótọ́, sìmẹ́ǹtì ni. Ẹ lè fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun síílà sí àlàfo, kí ẹ sì nu èyí tó bá ta sí táìsì kíá. Mi ò bá síílà jà. Mọ́ọ̀pù àti garawa ni mo ń bá jà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé síílà kì í jẹ́ kí táìsì ha. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yanrìn ẹsẹ̀ ló ń ha táìsì, fúùtùmáàtì tó dára lẹ́nu ọ̀nà sì ṣe é lóore ju gálọ́ọ̀nù síílà lọ.

Fún ẹni tó ti bá a níbẹ̀ ńkọ́? Gbígbé e kúrò kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ, sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ wá igun kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú síílà tó wà nílẹ̀. Ẹ ta asitóònù díẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ ní èékánná, sí àkísà funfun, kí ẹ fi nu ojú kan tó kéré. Bí àkísà bá ń lẹ̀, tí ibi tí ẹ nù mọ́ tí àyíká rẹ̀ kò mọ́, ẹ ti mú ọ̀daràn náà. Bí ẹ bá mọ orúkọ síílà tí wọ́n lò, tó sì jẹ́ oríṣi tó ń wọ inú, ọ̀nà kan wà tó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu: síílà yẹn gan-an ló lè gbé ara rẹ̀ kúrò. Ẹ da tuntun díẹ̀ sórí èyí tó gbẹ, ohun tí wọ́n fi yọ́ ọ yóò tún rọ èyí tó ti le, kí ẹ fi àkísà tàbí fóòmù funfun rà á káàkiri fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì nu méjèèjì kúrò pátápátá kó tó gbẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ohun kan náà ni mo bá àwọn onísíílà ẹlẹ́ẹ̀kejì wí lé lórí. Àwọn ń dà á kó lè dúró. Èyí, a ń dà á kó lè lọ ni.

Bó bá jẹ́ acrylic tàbí ìda, òògùn ìfọlẹ̀ tó lágbára, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ń ká ìda kúrò nílẹ̀, ló ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ásíìdì. Òdìkejì ásíìdì ni. Ẹ pò ó bí páálí rẹ̀ ṣe sọ, ẹ dà á sí apá ibi tí ọwọ́ yín lè ká, ẹ má jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi fóòmù funfun tàbí búrọ́ọ̀ṣì ọ̀rá fọ̀ ọ́. Ẹ má fi kànìnkànìn onírin kàn án, èérún rẹ̀ á há sí àlàfo, á sì pata. Ohun tó máa jáde dà bí imí imú, mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ kó dùn. Ẹ gbá a jọ sínú garawa, ẹ má tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Lẹ́yìn náà, omi, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, omi, kí ẹ tún pààrọ̀ rẹ̀, títí àkísà yóò fi nù ún láìyọ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ tán ni ẹ óò tó mọ̀ bóyá ìkùukùu sìmẹ́ǹtì wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá wà, ìgbà yẹn gan-an ni ásíìdì ní iṣẹ́ tó lè ṣe: sulfamic, tó máa ń wà ní ìyẹ̀fun, ẹ pò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi omi rẹ gíráòtù kó tó kàn án, kí ẹ ṣan án kúrò kíá. Àwọn ènìyàn ń fi ásíìdì bẹ̀rẹ̀. Ìparí ló yẹ kó ti wọlé, bí ó bá tilẹ̀ máa wọlé.

Nígbà tí ẹ bá ń lo asitóònù tàbí tíńnà, ẹ pa gáàsì ìdáná, ẹ má tan àbẹ́là, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé, kí ẹ sì ṣí gbogbo ilé sílẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ìjà mìíràn tún wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí, ti owó ni. Sikúéà mítà ni wọ́n fi ń san owó oníṣẹ́ táìsì. Bí táìsì bá ti tẹ́ tán, owó ti parí. Síílà ni iṣẹ́ kékeré tó lè fi kún un, ọ̀sán ọjọ́ kan, mọ́ọ̀pù kan. Mi ò bá a wí pé ó fẹ́ jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbàwọ́n bá jáde, ẹ wo bí ẹ̀bi ṣe ń rìn: oníṣẹ́ á ní táìsì ni, olùtajà á ní oníṣẹ́ ni, àwọn méjèèjì á wá jọ fi ẹnu kò pé ọmọ ọ̀dọ̀ tó fi Omo fọ ilẹ̀ ló fà á. Ọmọ yẹn nìkan ni kò sí nínú pálọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síílà tútù. Bí oníṣẹ́ yín bá ní dandan àfi kí òun kùn ún, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi táìsì méjì nínú páálí ṣe àpẹẹrẹ lójú yín, kó kun ọ̀kan, kó fi èkejì sílẹ̀, kí ẹ gbé wọn sí ibi tí oòrùn ti ń wọlé, kó tó gba kọ́bọ̀ kan fún ìyókù.

Bí ẹ bá fi asitóònù nu àbàwọ́n tí àkísà mọ́ tónítóní, tí òògùn ìfọlẹ̀ náà kò rí nǹkan kan ká kúrò, tí ojú ibẹ̀ sì ṣú síbẹ̀, a jẹ́ pé ásíìdì burúkú tàbí ohun líle kan ti jẹ ojú táìsì yẹn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ àti òkúta dáyámọ́ńdì lè gbìyànjú láti tún un dán bó bá jẹ́ èyí tí kò ní gíláàsì lójú. Èyí tó ní gíláàsì, pípààrọ̀ ló kù. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ máa ra páálí kan lé, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, nítorí táìsì kan náà tí wọ́n sun lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè má bára mu. Kí wọ́n gé gíráòtù tó yí èyí tó bàjẹ́ ká, kí wọ́n fọ́ ọ láti àárín wá sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò dé ilẹ̀, kí wọ́n tẹ́ tuntun, kí wọ́n dí àlàfo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kí oníṣẹ́ gbé gálọ́ọ̀nù tó kù lọ.